Ìwé Rúùtù àti Èéṣẹ́ Oko Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi tí mò ń kọ èyí kì í ṣe àgbà, ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí. Ṣùgbọ́n mo ṣubú nínú ìsinmi gígùn kan, mo sì wo ẹ̀yìn. Ohun tí mo rí nígbà náà ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí pé inú ìwé kan tí mo rò pé mo ti mọ̀ tán ni mo ti rí i.

Abúlé wa wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ó ti Mọ́níyà lọ sí Ìjàyè títí dé Ìsẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn bọ̀ yóò kọjá ní ọgbà IITA, ilé ìwádìí irúgbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, kí ó tó dé Mọ́níyà. Rélùwéè tuntun tí ó ti Èkó wá, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2021, Mọ́níyà yìí ni ó parí sí. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kúrò ní títì, tí a gun ọ̀kadà wọ inú oko lọ, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, iṣu àti igi ọ̀pẹ ni ojú yóò máa rí. Níbẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí. Níbẹ̀ ni ìyá rẹ̀ sì wà títí di òní, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é.

Ìyá Àgbà kò mọ̀wé. Láti ìgbà tí mo ti lè ka ìwé ni èmi ti di ojú rẹ̀ nínú Bíbélì. Bí mo bá wá lo ìsinmi, tí a sì ti jẹun alẹ́ tán, yóò ní, "Ọkọ mi, gbé ìwé wá." Bíbélì rẹ̀ ti gbó, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, wọ́n sì ti fi àkísà àǹkárá rán an pọ̀. Irú èyí tí wọ́n tẹ̀ ní àkọtọ́ àtijọ́ ni, tí wọn kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Mo rántí pé nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo ń ka ìwé Rúùtù fún un, mo sì dé orí ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbọ́ rí. Mo wò ó títí, n kò rí àmì abẹ́ rẹ̀ dáadáa, mo sì pè é ní "pèsè". Mo ní Rúùtù lọ sí oko láti lọ pèsè. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Pèéṣẹ́ ni, ọkọ mi, kì í ṣe pèsè." N kò bi í pé kí ni pèéṣẹ́. Mo tún un kà bí ó ti wí, mo sì ń bá tèmi lọ, nítorí oorun ń kùn mí.

Mo dàgbà, mo wọ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ nínú ìjọ. Ní ọjọ́ Ìkórè kan, wọ́n ní kí èmi sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn ọ̀dọ́, mo sì mú ìwé Rúùtù. Mo sọ̀rọ̀ nípa ìgbọràn. Mo ní obìnrin tí ó bá gbọ́ràn sí ìyakọ rẹ̀ lẹ́nu yóò rí ọkọ olówó fẹ́. Àwọn ènìyàn ṣe àmín gidigidi. Iṣu tí ó ta gbòǹgbò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti àkùkọ adìyẹ kún iwájú pẹpẹ, a sì fi wọ́n ta gbàǹjo. N kò sọ ọ̀rọ̀ kan nípa iṣẹ́ tí Rúùtù ṣe ní oko. Lójú mi nígbà náà, ó kàn gba inú oko kọjá lọ sí ilé ọkọ ni.

Nínú ìsinmi tí mò ń sọ yìí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Oko, ń wú ẹ̀gẹ́ tà fún àwọn tí ń ṣe gàrí. Olè ń yọ àwọn àgbẹ̀ lẹ́nu púpọ̀. Ṣáájú kí n tó dé, àwọn kan ti wọ oko náà lóru, wọ́n wú ẹ̀gẹ́ tí kò tí ì gbó, wọ́n sì da igi rẹ̀ sílẹ̀ káàkiri. Ó dun Bàbá Oko dé egungun. Ìdí nìyí tí ó fi ní kí n máa bá òun ṣọ́ oko ní ọ̀sán. Ó ní ẹnikẹ́ni tí mo bá rí níbẹ̀, kí n lé e.

Ní ọjọ́ kẹta, mo rí obìnrin kan àti ọmọbìnrin kékeré kan ní apá ibi tí a ti wú ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán. Ọkọ́ kékeré wà lọ́wọ́ obìnrin náà, ó ń tú ilẹ̀, ó sì ń ṣa èyí tí ó kán sínú ebè. Ọmọ náà gbé abọ́ rọ́bà dání. Mo dá obìnrin náà mọ̀. Alágbàṣe tí ó ti ìhà Bẹ́núè wá ni ọkọ rẹ̀, ó sì ti bá Bàbá Oko kọ ebè rí. Ọkọ náà ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò padà sílé.

Mo pariwo, "Olè!" Ó kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Yorùbá rẹ̀ kò já gaara, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí ó ń wí: wọ́n ti wú u tán, èyí tí ó kù sínú ilẹ̀ ni òun ń ṣa. Mo gba abọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, mo da ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Abọ́ náà kò tilẹ̀ kún dé ìdajì. Èyí tí ó tóbi jù nínú ẹ̀gẹ́ náà kò ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹyọ kan. Mo ní kí ó jù ú sílẹ̀. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ fi ojú sọ̀rọ̀ fún un, ó sì jù ú sílẹ̀. Wọ́n lọ.

Ní alẹ́, Bàbá Oko yìn mí. Ó ní ọmọ tí ó lọ sí yunifásítì tí kò gbàgbé oko, ọmọ gidi ni. Ìyá Àgbà wà ní ìdí ààrò rẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó ní kí n gbé ìwé wá. Ó ní, "Ka ti obìnrin tí ó tẹ̀lé ìyakọ rẹ̀."

Inú mi dùn, nítorí ìtàn tí mo mọ̀ ni. Mo ka orí kìn-ín-ní: bí ìyàn ṣe lé Naomi àti ọkọ rẹ̀ kúrò ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù lọ sí ilẹ̀ Móábù, bí ọkọ náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì ṣe kú síbẹ̀, bí Rúùtù, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ṣe kọ̀ láti fi í sílẹ̀, àti bí Naomi ṣe dé ìlú rẹ̀ tí ó ní kí wọ́n má pe òun ní orúkọ òun mọ́, kí wọ́n máa pe òun ní Màrà, nítorí ayé òun ti korò. Mo wọ orí kejì. Mo dé orí ọ̀rọ̀ náà, mo sì pè é dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá Àgbà dá mi dúró.

"Kí ni o pè é yẹn?"

"Pèéṣẹ́ ni, Ìyá."

"Kí ni ó túmọ̀ sí? Ìwọ ni o lọ kọ́ Yorùbá ní yunifásítì."

Mo ṣe àlàyé bí ẹni tí ó wà níwájú olùkọ́. Mo ní ọ̀rọ̀-ìṣe ni, mo ní "pa" àti "èéṣẹ́" ni ó para pọ̀ dà á, tí a sì pa fáwẹ̀lì kan jẹ láàárín wọn. Mo ní èéṣẹ́ ni irè tí ó ṣẹ́ kù sí oko lẹ́yìn tí olóko ti kórè tán, tí aláìní yóò wá máa ṣa. Ibẹ̀ ni ohùn mi kú sí.

Ìyá Àgbà ní, "O káre, ọkọ mi. O mọ̀ ọ́n túmọ̀." Ó dìde, ó wọlé lọ sùn.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, oorun kò kùn mí ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo tan iná fóònù mi, mo sì tún ìwé náà bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe bí ẹni tí ó ń kà á fún ẹlòmíràn gbọ́, bí kò ṣe bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé kì í ṣe ojú àánú Bóásì nìkan ni ó gbé Rúùtù wọ oko. Òfin wà nídìí rẹ̀. Mo ṣí ìwé Léfítíkù orí kọkàndínlógún. Níbẹ̀, Ọlọ́run pa á láṣẹ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé kí olóko má kórè dé gbogbo igun oko rẹ̀, kí ó má sì padà ṣa èyí tí ó bọ́ sílẹ̀, nítorí pé ti tálákà àti ti àlejò ni. Mo ṣí ìwé Diutarónómì orí kẹrìnlélógún. Ibẹ̀ fi opó àti ọmọ aláìníbaba kún wọn, ó sì ní bí olóko bá gbàgbé ìtí ọkà kan sí oko, kí ó má ṣe padà lọ gbé e. Ìdí tí Ọlọ́run fi fún wọn ni pé àwọn náà ti ṣe ẹrú rí ní Éjíbítì. Mo ka èyí, mo sì gbé ìwé náà sílẹ̀. Àlejò ni obìnrin tí mo lé. Opó ni. Aláìníbaba ni ọmọ tí ó gbé abọ́. Gbogbo àwọn tí òfin náà dárúkọ ni mo lé kúrò lóko ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo pe obìnrin náà ní olè. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀lé òfin yẹn, ohun tí ó wà nínú abọ́ ti kúrò ní ti Bàbá Oko, ó ti di ti ọmọ náà. Ta wá ni olè nínú wa?

Ohun kejì ni ti Bóásì fúnra rẹ̀. Nínú ìran Jésù tí ó wà ní orí kìn-ín-ní ìwé Mátíù, Ráhábù ni a dárúkọ bí ìyá Bóásì. Bí ó bá jẹ́ Ráhábù ará Jẹ́ríkò tí ó gba àwọn amí sílé ni, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà, a jẹ́ pé obìnrin àtọ̀húnrìnwá ni ó bí Bóásì. Mo ti ka ìran yẹn rí, mo sì máa ń sáré kọjá lórí rẹ̀ nítorí orúkọ pọ̀ jù níbẹ̀. Ní òru yìí ni ó tó yé mi pé ẹni tí ìyá rẹ̀ ti jẹ́ àlejò rí kò ní láti wo ojú àlejò lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó mọ ohun tí ó ń ṣe é.

Ohun kẹta ni ó gún mi jù. Mo ti ń wá ara mi nínú ìtàn náà, mo sì ń wò ó pé ó yẹ kí n ti ṣe bíi Bóásì. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ni oko. Ẹnìkan wà nínú ìtàn náà tí n kò kíyè sí rí: ìránṣẹ́ tí Bóásì fi ṣe olórí àwọn olùkórè. A kò mọ orúkọ rẹ̀. Òun ni Rúùtù kọ́kọ́ bá pàdé ní òwúrọ̀, òun ni ó bẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí òun ṣa ọkà tẹ̀lé àwọn olùkórè. Ọ̀gá rẹ̀ kò tí ì dé. Bí ó bá lé Rúùtù, kò sí ẹni tí yóò bi í. Bóyá Bóásì ì bá tilẹ̀ yìn ín. Ṣùgbọ́n kò lé e. Nígbà tí Bóásì dé, obìnrin náà wà lóko, iṣẹ́ sì ti ń lọ láti àárọ̀. Ẹ wò ó dáadáa: bí ìránṣẹ́ yẹn bá da abọ́ rẹ̀ sílẹ̀, Bóásì kò ní bá a níbẹ̀, kò ní fẹ́ ẹ, wọn kò ní bí Óbẹ́dì, a kò sì ní gbọ́ orúkọ Dáfídì. Ọmọ-ọ̀dọ̀ kan tí a kò dárúkọ rẹ̀ ni gbogbo èyí gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ipò rẹ̀ ni mo wà ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn.

Bí ilẹ̀ ti ń mọ́ lọ, mo rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa ẹni tí ó ṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Ní 1821 ni ogun kó Àjàyí ní Òṣogùn, ní ìhà Ìsẹ́yìn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ ẹrú, kí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ ní 1822, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti di Samuel Crowther. Ó di àlùfáà ní 1843, ó tún fi ojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Odidi Bíbélì náà parí ní 1884, lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn mìíràn bíi Thomas King ti bá a lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Nínú kíláàsì, àkọtọ́ àti èdè àjùmọ̀lò ni mo fi ọkàn sí. Ní òru yìí, mo rí i pé ẹni tí ó ṣáájú nínú sísọ ìtàn àlejò yìí di Yorùbá ti jẹ oúnjẹ àlejò rí. Mo sì rí ohun mìíràn. Wọn kò ní láti yá ọ̀rọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè fún iṣẹ́ tí Rúùtù ṣe, bí wọ́n ti yá "áńgẹ́lì" àti "wòlíì". Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu Yorùbá. Bí orúkọ nǹkan bá sì ti wà lẹ́nu àwọn baba wa, nǹkan náà ti ní láti wà lóko wọn.

Ní òwúrọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà. Mo ní, "Ìyá, mo ṣẹ̀." Ó ní, "Èmi kọ́ ni o ṣẹ̀." Ó ní kí n dìde, kí n jókòó, ó sì sọ ohun tí n kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé.

Ó ní òun tó ọmọ ọdún méje nígbà tí bàbá òun kú ní òkè lọ́hùn-ún, ní ìhà Ìsẹ́yìn. Àwọn ẹbí pín ohun tí ó fi sílẹ̀, wọn kò sì fún ìyá òun ní nǹkan kan. Ìyá òun fa òun lọ́wọ́, wọ́n gba ọ̀nà yìí wá. Oko olóko ni wọ́n ti ń jẹ. Wọ́n pèéṣẹ́ àgbàdo, wọ́n pèéṣẹ́ kókò, wọ́n hẹ èkùrọ́ lábẹ́ ọ̀pẹ. Ó ní bàbá kan wà tí ó jẹ́ pé bí ó bá ti kórè, a máa fi ẹ̀yìn oko sílẹ̀, a sì máa wí fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe débẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tí ó kà á fún bàbá náà nínú ìwé. Kò tí ì sí ṣọ́ọ̀ṣì ní abúlé náà, abọ̀rìṣà ni.

"Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọmọ bàbá yẹn ni ó fẹ́ mi. Òun ni ó bí bàbá rẹ àti Bàbá Oko. Oko tí o dúró lé lánàá, èéṣẹ́ ibẹ̀ ni mo jẹ dàgbà."

Mo jáde, mo lọ sí ahéré tí obìnrin náà ń gbé. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti mọ́ nù. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ní ó ti kó ẹrù rẹ̀ ní ìdájí, ó gba ọ̀nà Ìjàyè lọ. Mo gun ọ̀kadà tẹ̀lé wọn. Ìjàyè yìí ni ìlú tí ogun Ìbàdàn fọ́ ní 1862, tí àwọn ará ibẹ̀ fọ́n ká, tí ọ̀pọ̀ wọn sì di àlejò ní Abẹ́òkúta. Mo bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà àti àwọn alájàpá, n kò rí i. Títí di òní, n kò tí ì rí i.

Mo bá Bàbá Oko sọ̀rọ̀. Ó bínú. Ó ní bí a bá ṣí ọ̀nà fún apèéṣẹ́, ibẹ̀ ni olè yóò gbà wọlé. Ó ní ṣé èmi ni n ó san owó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n wú lóru? N kò rí èsì fún un, nítorí òtítọ́ wà nínú ohun tí ó sọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà ránṣẹ́ pè é sínú yàrá. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n nígbà ìkórè tí ó tẹ̀lé e, Bàbá Oko ní kí àwọn alágbàṣe má ṣe padà tú ebè tí ó wà létí ọ̀nà. Ó ní ẹni tí ó bá fẹ́ ṣa ibẹ̀, kí ó wá ní ọ̀sán, kí ó sì kọ́kọ́ kí òun. Àwọn obìnrin mẹ́ta ni ó wá. Wọ́n kí i, wọ́n ṣa á, wọ́n lọ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ èdè mọ bí a ti ń tú ọ̀rọ̀ palẹ̀. A mọ èyí tí ó jẹ́ mọ́fíìmù, a mọ fáwẹ̀lì tí a pa jẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ báyìí pé ènìyàn lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan láìṣìnà, kí ó sì ti fi ẹsẹ̀ tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lóko. Bákan náà ni ti ìgbàgbọ́. Mo ti bẹ Ọlọ́run kí ó dárí jì mí, mo sì gbà pé ó ti dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ju ẹ̀gẹ́ yẹn sílẹ̀ kò tí ì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ kankan láti ẹnu mi. Bí mo bá ń kọjá ní ọjà Mọ́níyà, ojú rẹ̀ ni mò ń wá láàárín èrò.

Bí wọ́n bá tún ní kí n sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Ìkórè, ìwé Rúùtù náà ni n ó mú. N kò ní débi ìgbéyàwó. N ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìránṣẹ́ tí kò lé e.